Larry Holmes Ló Wà Nípò Kẹta, Mi Ò Ní Yí I Padà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tọ́rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń to orúkọ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò heavyweight, ìyẹn àwọn tó wúwo jù, tó dáa jù láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Muhammad Ali lókè, Joe Louis tẹ̀lé e, ìyẹn ò ní wàhálà, èmi náà fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á pe Mike Tyson, ẹlòmíì á pe Marciano, Foreman, Lewis, àwọn ọmọ ìsìnyí á pe Fury àti Usyk, orúkọ á máa já bọ́ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ tó gbọ́ Larry Holmes ẹ ti dé nọ́ńbà 7 tàbí 8, ìgbà míì gan-an wọn ò ní dárúkọ ẹ̀ rárá àfi tí wọ́n bá fẹ́ sọ ẹni tó na Ali nígbà tágbára Ali ti tán.

Ó ń dùn mí, mi ò lè purọ́. Ẹni tá à ń sọ yìí lo ju ọdún 7 lọ lórí oyè, láti June 1978 dé September 1985, ó gbèjà bẹ́líìtì ẹ̀ nígbà 20, kò sì sí heavyweight kankan tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oyè kan ṣoṣo àfi Joe Louis tó ṣe 25. Ó borí ìjà 48 léraléra kí ẹnikẹ́ni tó borí ẹ̀. Kí ló wá dé tá a fi ń fò ó bí ẹni fo kòtò?

Kí gan-an la fi ń wọ̀n wọ́n?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mo mọ̀. Àwọn kan, iye ìjà téèyàn borí ni wọ́n ń wò. Tó bá jẹ́ ìyẹn la fẹ́ tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, Rocky Marciano jà 49 ó borí 49, 43 nínú ẹ̀ ló jẹ́ nọ́kááùtì, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1956 láìsí ẹni tó nà án rí. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó bá jà. Nígbà tó gbá Joe Louis jáde kúrò nínú rìngì ní 1951, Louis ti pé 37, gbèsè owó orí tó jẹ ìjọba Amẹ́ríkà ló dá a padà sídìí ìjà. Jersey Joe Walcott tí Marciano gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ti pé 38. Òdo tó wà nídìí orúkọ Marciano sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó borí ẹ̀, kò sọ bí àwọn tó bá pàdé ṣe le tó.

Àwọn míì á ní ká jẹ́ ká wo ó báyìí, tí lágbájá bá pàdé làkáṣègbè nínú rìngì, ta ló máa borí? Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ní 1969 wọ́n kó Ali àti Marciano síwájú kámẹ́rà, wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí ẹni ń jà, kọ̀ǹpútà ló máa sọ ẹni tó borí. Marciano kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó gbé fíìmù náà jáde ní January 1970, èyí tí wọ́n sì gbé jáde ní Amẹ́ríkà, Marciano ló dá Ali dùbúlẹ̀ ní ráùndì 13. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí ni kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa ọkàn èèyàn tí wọ́n ti lù débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́? Tá a bá tún fi ti ìwọ̀n ara kún un, Marciano ò tó pọ́ùn 190 nígbà tó wà lórí oyè, Tyson Fury ń wọ̀n ju 260 lọ, ìjà wo ni wọ́n fẹ́ jà? Òfin gan-an ò dúró sójú kan. Ráùndì 15 ni ìjà oyè tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí Duk Koo Kim kú lẹ́yìn ìjà ẹ̀ pẹ̀lú Ray Mancini ní November 1982 ni WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fúnni ní bẹ́líìtì, gé e sí 12, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn bó ṣe yá. Ní 1952, Walcott ń fi máàkì na Marciano, ráùndì 13 ni Marciano tó rí ẹ̀ṣẹ́ tó gbé e sùn. Lábẹ́ òfin òde òní, wọn ì bá ti gbé ọwọ́ Walcott sókè, ìjà ì bá ti tán.

Ohun míì tún wà tí wọn kì í fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí Jack Johnson pàdánù oyè ẹ̀ fún Jess Willard ní Havana ní 1915 títí di 1937 tí Joe Louis gba tiẹ̀, wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kankan jà fún oyè heavyweight, ọdún 22 gbáko. Harry Wills dúró títí, Jack Dempsey ò bá a jà. Sam Langford náà ò rí àǹfààní yẹn títí ó fi kúrò nídìí ìjà, kódà Jack Johnson fúnra ẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀, ò fún un láyè nígbà tó wà lórí oyè. Torí ẹ̀ ni Dempsey ò fi sí nínú mẹ́wàá tèmi, ẹ má bínú.

Kí ni mo wá ń wò? Alẹ́ tí nǹkan dàrú ni mo ń wò. Gbogbo abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ló mọ̀ ọ́n jà nígbà tó bá ń lọ bó ṣe fẹ́. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ṣubú tó sì wo ẹ̀yìn wò, tó mọ ohun tó gbé e ṣubú lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, kí rẹfirí tó kà á dé 10, tó tún rí agbára dìde lọ ṣàtúnṣe ẹ̀, ẹni yẹn ni mò ń pè ní ẹni ńlá.

Ráùndì 7

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí Las Vegas, September 28, 1979. Holmes ló ni bẹ́líìtì WBC, Earnie Shavers ló fẹ́ gbà á. Tẹ́ ẹ ò bá mọ Shavers, ọkùnrin tó máa ń fárí kodoro yẹn, ẹ lọ wò ó. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọgbọ́n ìjà, èémí ẹ̀ kì í sì í pẹ́ tó fi ń tán, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a jà ló sọ pé àwọn ò rírú ẹ̀ rí. Ní March ọdún yẹn kan náà, ráùndì àkọ́kọ́ ló ti fọ́ Ken Norton túútúú, Norton kan náà tó ti fọ́ àgbọ̀n Ali ní 1973, tó sì bá Holmes fúnra ẹ̀ ja ráùndì 15 tán lọ́dún tó ṣáájú.

Holmes ti bá Shavers jà lẹ́ẹ̀kan ní 1978, ó sì fi ráùndì 12 kọ́ ọ níṣẹ́. Ìdí ẹ̀ lọkàn gbogbo èèyàn fi balẹ̀. Ìjà yìí náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jáàbù Holmes, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì gbọọrọ yẹn, ń wọlé ń jáde, ojú ni, imú ni, ojú ni, Shavers ò rí ibi gbà wọlé, ó ń jàgùdù lásán. Mo ti wo ìjà yẹn láìmọye ìgbà, ohun tó sì máa ń jọ mí lójú ni pé Holmes kì í fa ọwọ́ yẹn sẹ́yìn kó tó jù ú, ibi tọ́wọ́ wà náà ló ti ń lọ, ẹni tí wọ́n ń lù ò ní rí i kó tó bà á.

Ó wá ku díẹ̀ kí ráùndì 7 parí. Shavers ju ọwọ́ ọ̀tún látòkè, ó bá Holmes gbàmù, Holmes sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe irú ìṣubú téèyàn yọ̀ bọ́rọ́ ṣubú o, gbogbo ara ẹ̀ ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi lélẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń wò ó nígbà àkọ́kọ́, ẹ máa rò pé ó parí nìyẹn. Norton jẹ irú ẹ̀ṣẹ́ yẹn, kò padà bọ̀ sípò.

Holmes dìde. Bó ṣe dìde gan-an ni kí ẹ wò, torí orí ẹ̀ ò tíì padà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ṣe bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, Shavers sì ń bọ̀ wá parí ẹ̀, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni ń gégi. Holmes ò sá. Ó yẹ̀ ẹ́, ó dì mọ́ ọn, ó tún yẹ̀ ẹ́, agogo lù. Ìṣẹ́jú kan ló ní lórí àga. Nígbà tí ráùndì 8 bẹ̀rẹ̀, kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Jáàbù. Ó padà sídìí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò bínú, kò ní òun fẹ́ gbẹ̀san ẹ̀ṣẹ́ yẹn lójú ẹsẹ̀ kó lè tún jẹ òmíì. Jáàbù, jáàbù, ọwọ́ ọ̀tún, títí èémí Shavers fi tán, rẹfirí sì dá ìjà dúró ní ráùndì 11.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa sọ pé oríire ni, ọdún méjì lẹ́yìn náà, November 1981 ní Pittsburgh, Renaldo Snipes tún fi ọwọ́ ọ̀tún gbé Holmes lulẹ̀. Ráùndì 7 náà ni. Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ débi pé ó fàyà sọ igun rìngì, ó sì na Snipes ní nọ́kááùtì ní ráùndì 11. Ráùndì 7 sí ráùndì 11, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní oríire kó máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ, èmi mọ ohun tí mo rí.

Kó tiẹ̀ tó di ìgbà yẹn, bó ṣe gba oyè gan-an fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. June 9, 1978, òun àti Norton, iṣan apá òsì ẹ̀ ti fara pa nígbà tó ń gbára dì, apá tó ń fi ju jáàbù yẹn náà ni o, ó sì gbé e wọ rìngì bẹ́ẹ̀. Wọ́n jà á dé ráùndì tó kẹ́yìn láìsí ẹni tó lè sọ ẹni tó wà níwájú. Ráùndì 15 yẹn, àwọn méjèèjì dúró lójú kan, wọ́n ń gbá ara wọn bí ẹni pé ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Adájọ́ méjì fún Holmes ní 143 sí 142, ẹnì kẹta fún Norton ní 143 sí 142. Máàkì kan ṣoṣo ló là wọ́n.

Ohun tí wọn ò dárí ẹ̀ jì í

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ohun tó bá Holmes jẹ́ kì í ṣe nínú rìngì. Ọmọ Easton ní Pennsylvania ni, ọ̀dọ̀ Ali ló sì ti kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, òun ni wọ́n máa ń gbé síwájú Ali kó máa bá a dánra wò nígbà tí Ali bá ń múra ìjà. Ọmọ iṣẹ́ ni. October 2, 1980 wá dé, wọ́n gbé ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá wọ rìngì kan náà.

Ali ti pé 38, ó ti fún ọdún méjì jókòó sílé, oògùn tó ń lò ti fà á gbẹ, ara ń dán ṣùgbọ́n kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Holmes ní gbogbo ráùndì, kò sí ẹyọ kan tí Ali rí gbà. Ẹni tó bá wo ìjà yẹn dáadáa á rí i pé láàárín ẹ̀ Holmes ń dọwọ́ dúró, ó ń wo ojú rẹfirí bóyá ó máa dá a dúró, torí kò fẹ́ máa lu ọkùnrin yìí mọ́. Lẹ́yìn ráùndì 10 ni Angelo Dundee tó ń tọ́jú Ali ní ó tó gẹ́ẹ́. Holmes sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kí wá ni kó ṣe? Tí ò bá jà, wọ́n á ní ó ń bẹ̀rù. Ó jà, ó borí, wọ́n wá wò ó bí ẹni tó lu bàbá arúgbó wọn. Látọjọ́ yẹn kò sí ohun tó ṣe tó tó wọn. Nígbà tó pàdé Gerry Cooney ní June 1982, ẹni tí wọ́n ń gbé kiri torí pé aláwọ̀ funfun ni, Holmes tó jẹ́ ṣáńpíọ́nì ni wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ ẹ̀ nínú rìngì, wọ́n wá fi Cooney parí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ni oyè ni wọ́n máa ń pè gbẹ̀yìn. Holmes gbé ìyẹn náà mì, ó nà án dé ráùndì 13 títí tí ẹni tó ń tọ́jú Cooney fi wọlé wá gba ọmọ ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá jogún àga lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn, wàhálà ẹ̀ pọ̀. Wọn kì í fi ohun tó ṣe wọ̀n ọ́n, ohun tí ìṣáájú ẹ̀ mú kó rí lára wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mo ti rí i níbi iṣẹ́, mo ti rí i láàárín àwọn olórin, láàárín àwọn olùkọ́. Ẹni tuntun á ṣiṣẹ́ títí, á ṣe é dáadáa, àwọn èèyàn á ṣì máa wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹni àná ń padà bọ̀. Ali kọrin, ó pàdé àwọn olórí ìjọba, ó kọ̀ láti lọ sógun Vietnam ní 1967, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nídìí ìjà fún ọdún mẹ́ta ó lé. Ìtàn ńlá nìyẹn, ó sì tọ́ sí i. Holmes ò ní irú ìtàn yẹn, iṣẹ́ ló ní.

Òun náà ò ran ara ẹ̀ lọ́wọ́, mi ò ní fi pamọ́. Ní September 1985, ìjà kan ló kù kó bá Marciano dọ́gba ní 49, Michael Spinks sì fi máàkì borí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ nípa Marciano lẹ́yìn ìjà yẹn, pé kò lè gbé pátá òun, níṣojú ẹbí olóògbé... Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ gbèsè gbólóhùn kan yẹn. Nígbà tó tún bá Spinks jà ní April 1986, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló borí, àwọn adájọ́ ò fún un.

Tyson ńkọ́?

Èyí ló máa ń fa ìjà jù. Tyson fi ọmọ ogún ọdún gba oyè ní November 1986, kò sẹ́ni tó kéré jù ú lọ tó gbà á rí. Ó gbá Spinks sùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 91. Ó sì na Holmes, January 1988, ráùndì 4. Wọ́n máa ń fi ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Holmes ti pé 38 nígbà yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì tó ti wọ rìngì gbẹ̀yìn, nínú gbogbo ìjà 75 tó jà láyé ẹ̀ sì rèé, ìyẹn nìkan ni wọ́n dá dúró mọ́ ọn lórí.

Ẹ wá lo òdiwọ̀n tèmi. Buster Douglas ní Tokyo ní 1990, Holyfield ní 1996, Lewis ní 2002: gbogbo alẹ́ tẹ́nì kan dúró síwájú Tyson tí ò bẹ̀rù ẹ̀, tó ń lù ú padà, Tyson ò borí ẹyọ kan níbẹ̀. Ó dá Douglas lulẹ̀ ní ráùndì 8 lóòótọ́, Douglas dìde, ó sì parí ọ̀rọ̀ ní ráùndì 10. Nígbà tí nǹkan ń lọ bó ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó dáa tó o. Nígbà tó dàrú, kò rí ọ̀nà míì gbà. Ipò kẹwàá ni mo fi í sí, inú mi ò sì bàjẹ́ sí i.

Ohun tí mo gbà fún àwọn tó ń bá mi jiyàn

Wọ́n ní Holmes sá fáwọn kan, ọ̀rọ̀ yẹn sì ní ìdí. Kò bá Greg Page jà, kò bá Pinklon Thomas jà, ó kúrò lábẹ́ WBC ní 1983 ó lọ sọ́dọ̀ àjọ IBF, àwọn tó ni bẹ́líìtì àjọ WBA nígbà ayé ẹ̀ ò sì pàdé ẹ̀ nígbà tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ wọn. Díẹ̀ báyìí ló fi borí Tim Witherspoon ní 1983. Ìyẹn ni ò jẹ́ kó kọjá Louis lọ́dọ̀ mi, torí Louis bá gbogbo ẹni tó bá jáde sí i jà, Schmeling tó gbé e sùn ní ráùndì 12 ní 1936, Louis pè é padà ní June 1938, ó sì parí ẹ̀ kí ráùndì àkọ́kọ́ tó parí. Ali sì ṣe ti Kinshasa, níbi tó ti na Foreman, àti ti Manila, níbi tó ti na Frazier, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Lẹ́yìn Holmes, Lennox Lewis ni mo fi sípò kẹrin. Ó padà na àwọn méjèèjì tó nà án rí, McCall àti Rahman, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ fún un lálẹ́ méjèèjì yẹn, kò rí i yanjú níbẹ̀ bíi ti Holmes. Foreman ló tẹ̀ lé e, ẹni tó dá Frazier lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ní Jamaica ní 1973, tó tún padà wá gbá Michael Moorer sùn ní 1994 nígbà tó ti pé 45, ráùndì 10 ló sì wà, tí Moorer ń nà án bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Marciano, Holyfield àti Jack Johnson wà láàárín níbẹ̀, ọjọ́ kan mo lè gbé Holyfield ga, ọjọ́ kejì mo lè gbé e wálẹ̀, àyè yẹn ò dá mi lójú tó ti òkè.

Ó wá ku Oleksandr Usyk. Ní May 2024 ní Riyadh, Fury ń fi ẹ̀ṣẹ́ abẹ́ àgbọ̀n gbé orí ẹ̀ sókè láàárín ìjà yẹn, ara Usyk ò yá rárá, mo rò pé ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ráùndì 9 dé, ó lé Fury káàkiri rìngì, okùn nìkan ló gbá Fury dúró tí ò fi dùbúlẹ̀, rẹfirí ní láti kà á. Nígbà tí wọ́n ka máàkì, adájọ́ méjì fún Usyk, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó kó gbogbo bẹ́líìtì heavyweight jọ látìgbà Lewis. Irú alẹ́ tí mò ń sọ nìyẹn. Ipò kẹfà ló wà báyìí lọ́wọ́ mi, ó ṣì lè gòkè tó bá ṣì ń jà, àmọ́ kó tó kọjá Holmes ó ní láti fi ọdún púpọ̀ sí i ṣe é.